Àyípadà ara purotéènì nínú àìsàn schizophrenia

Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti to purotéènì tán, ó ṣì lè so nǹkan mọ́ ọn lára: fọ́sífétì, ṣúgà, ọ̀rá, tàbí purotéènì kékeré tó ń jẹ́ ubiquitin. Ohun tó so mọ́ ọn yìí ló sábà máa ń sọ bóyá purotéènì náà yóò ṣiṣẹ́, ibi tí yóò dúró sí, àti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò tú u ká. Nínú schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè jẹ́ kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó sì ń bá nǹkan bí ẹnì kan nínú 300 jà lágbàáyé, àwọn onímọ̀ ti rí àyípadà tó yàtọ̀ ní oríṣiríṣi ibi nínú ọpọlọ.

Ti fọ́sífétì ni wọ́n mọ̀ jù. Bí dopamine, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, bá kan purotéènì D1 lára sẹ́ẹ̀lì, PKA, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì yá), á so fọ́sífétì mọ́ purotéènì tó ń jẹ́ DARPP-32. Ìyẹn náà á wá dá PP1 dúró, ẹ́ńsáìmù tó ń já fọ́sífétì kúrò lára àwọn purotéènì mìíràn. D2, purotéènì mìíràn tí dopamine ń kàn, ń ṣe òdìkejì èyí. Paul Greengard, tó tọ ipa ọ̀nà yìí, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. D2 ni haloperidol àti chlorpromazine, àwọn oògùn schizophrenia tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà títí dòní, máa ń dí.

Ti ṣúgà yàtọ̀. Purotéènì tí jíìnì SLC39A8 ń ṣe ló ń gbé èròjà manganese wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ́ńsáìmù kan tó ń so ṣúgà mọ́ purotéènì kò sì lè ṣe láìsí i. Oríṣi jíìnì yìí kan tó bá schizophrenia tan máa ń jẹ́ kí ṣúgà ara purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àmọ́ láàárín àwọn ará Yúróòpù ni oríṣi yìí ti wọ́pọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an ní Áfíríkà. Nítorí náà, kò lè ṣàlàyé púpọ̀ nípa ọmọ Yorùbá tó ń ṣàìsàn ní Kubwa, ní Àbújá.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí yòókù wá láti inú ọpọlọ àwọn tó ti kú, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti lo oògùn fún ọdún gbọọrọ. Fọ́sífétì tún máa ń yára bọ́ lẹ́yìn ikú. Ó ṣòro láti mọ èyí tí àìsàn fà yàtọ̀ sí èyí tí oògùn fà.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi schizophrenia hàn. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Barnawa, Kàdúná, bíi ti ibòmíràn, ìbéèrè àti ìdáhùn ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ohùn tí aláìsàn ń gbọ́ bá ń sọ Yorùbá, tí dókítà sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ní Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹbí tó bá a wá ló lè di ògbufọ̀.