Wọ́n Ti Fi Álọ́ọ̀mù Sí I

Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, lọ́sàn-án gangan, kí ẹ bèèrè bóyá omi inú dúrọ́ọ̀mù búlúù ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣeé mu. Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ mu ún, wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù sí i." Iṣẹ́ ìtẹ̀wé là ń ṣe. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ọ̀gá, lẹ́nu ọmọ iṣẹ́, lẹ́nu oníbàárà tó wá gba káàdì ìgbéyàwó. Télọ̀ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń sọ ọ́, àwọn mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ náà ń sọ ọ́. Ẹni tó bá tún yanu lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní ó ń ṣe bí ọmọ òyìnbó. Bó bá ṣì ń jiyàn, wọ́n á fi òwe pa á lẹ́nu mọ́: omi ò lọ́tàá.

Òwe ní omi ò lọ́tàá. Òwe ò sọ pé omi ò lè bá èèyàn ṣọ̀tá.

Pé omi ìdọ̀tí ń fa onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dù, mi ò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí ìyẹn. Lọ́dún 2021 nìkan, àwọn tí wọ́n kà mọ́ òkú onígbáméjì ní Nàìjíríà lé ní 3,500. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn lórí omi tó pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Omi tó mọ́ gaara ni wàhálà wa.

Ohun tí álọ́ọ̀mù ń ṣe rèé. Ẹrẹ̀ inú omi kànga kúnná débi pé kò lè rì fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń léfòó káàkiri. Álọ́ọ̀mù á mú kí ó lẹ̀ mọ́ra, á di ṣùṣù, á wúwo, á sì lọ sísàlẹ̀. Ó tán. Ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, mi ò bú u. Òótọ́ ni pé àwọn kòkòrò àrùn kan máa ń bá ẹrẹ̀ rì, ṣùgbọ́n èyí tó rì sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù kò tíì kú. Ó wà níbẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i kí gbogbo rẹ̀ tún rú sókè. Àwọn tí kò bá ẹrẹ̀ lọ wà lókè, nínú omi tó ń dán bíi dígí. Mi ò tíì mẹ́nu ba ọmọ iṣẹ́ tó ń ki ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá láti po álọ́ọ̀mù náà, tadáwà lọ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀." Ọ̀gá wa ló wí bẹ́ẹ̀, tó gbé ife sókè sójú oòrùn.

Ọ̀gá wa! Ọkùnrin tí awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá kì í kúrò lápò rẹ̀. Bí ojú lásán bá wo àwọ̀ ewé lára pósítà, àwọ̀ ewé ló rí. Ọ̀gá wa mọ̀ pé kò sí àwọ̀ ewé níbẹ̀, pé tóótòòtó búlúù àti yẹ́lò ló wà níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń gbé awò lé e kó tó ní ká máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò fojú lásán gba pósítà wọlé rí. Omi tó ń lọ sí ikùn rẹ̀, ojú lásán tó o. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù, bí ẹ bá to ogún wọn tẹ̀ léra wọn, gbogbo rẹ̀ kò ju bí abala bébà kan ṣe nípọn lọ, bébà lásán tí a fi ń tẹ ìwé ìléwọ́. Oòrùn Ìbàdàn mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú tó kó fi ìyẹn hàn yín nínú ife.

Mo tún bi í ní ìbéèrè kan tí kò tíì dáhùn. Ilé omi ìjọba wà ní Ẹlẹ́yẹlé láti 1942, òmíràn wà ní Àṣèjìrẹ́ lórí Odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe omi nírú ibẹ̀ ni pé wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á jẹ́ kó rì, wọ́n á fi yanrìn sẹ́ ẹ, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á wá fi kílórínì, oògùn apakòkòrò inú omi, sí i. Bí álọ́ọ̀mù bá ń pa kòkòrò, kí ni wọ́n ń ra kílórínì fún? Ó ní ìjọba fẹ́ràn ìnáwó. Bóyá lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n èsì kọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ fi ojú àti ẹnu lásán gba omi gbọ́. Ní London, lọ́dún 1854, ilé iṣẹ́ kan wà ní Broad Street tí wọ́n ti ń ṣe kápù ìbọn (nǹkan kékeré tó ń mú kí ìbọn yìn), bí igba òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Àgbá méjì tó kún fún omi kànga àdúgbò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún wọn láti máa mu. Nígbà tí onígbáméjì dé, Dókítà John Snow, tó ń wádìí àrùn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé 18 nínú wọn kú. Ilé ìpọntí bíà wà nítòsí, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 70, kò pa ẹyọ kan nínú wọn: bíà ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá wa pé mo ní ká máa mu bíà níbi iṣẹ́.) Omi ẹ̀rọ yẹn sì dùn lẹ́nu. Opó kan tó ti kó lọ sí Hampstead ń ní kí wọ́n bu ìgò kan wá fún òun lójoojúmọ́ nítorí adùn rẹ̀. Ó mu ún, ó kú.

"Ogún ọdún ni mo ti ń mu omi kànga yìí," ni ọ̀gá tún wí. Mo gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú kànga náà lọ́pọ̀ ọjọ́. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ohun tí kẹ́míìsì bá pè ní táífọ́ọ̀dù náà ló jẹ́ táífọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n táífọ́ọ̀dù gidi lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta nínú ara kó tó gbéni dùbúlẹ̀. Ìgbà tí ara bá fi máa gbóná, ta ló máa rántí ife omi ọjọ́sí? Oòrùn la máa dá lẹ́bi, tàbí ẹ̀wà ìyá tó ń kiri.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ da álọ́ọ̀mù nù. Bí omi bá pọ́n, ẹ fi sí i, torí kílórínì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi ẹlẹ́rẹ̀. Ẹ rọra da omi tó tòrò sínú nǹkan míì, kí ẹ sè é kó hó yaya, tàbí kí ẹ fi WaterGuard, kílórínì olómi inú ìgò, sí i bí ara ìgò rẹ̀ ṣe wí, kí ẹ sì dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ohun ìfọṣọ olóòórùn dídùn rọ́pò rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Fíríìsà kì í pa kòkòrò. Yìnyín inú mínírà tẹ́ ẹ ń mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, omi ibì kan ni. Píọ̀ wọ́tà náà, ẹ fọ ara ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó feyín já a. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ń jù ú sí. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù tó ní ẹnu ẹ̀rọ, tí ife ò ní máa wọnú rẹ̀. Omi mímu tó dára, agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó pèsè rẹ̀ fún òṣìṣẹ́: ó wà nínú òfin Factories Act. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ka òfin fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù ń bọ̀?

Òjò rọ̀ mọ́jú òní. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, omi kànga ti pọ́n, ọ̀gá sì ti rán ọmọ kan lọ ra álọ́ọ̀mù.