Kí Ló Wà Lọ́kàn Ìjàpá? Ìmọ̀ràn fún Òbí Tó Ń Mú Ọmọ Wá Gbọ́ Àlọ́ ní Ilé Ìkàwé

Bí àkókò àlọ́ bá ti parí ní ilé ìkàwé ọmọdé, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń bi ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́?" Ọmọ tó ti mọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́ á ní, "Kí a má ṣe jalè." Ìdáhùn náà dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń pa àlọ́ fún wọn mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá tí àlọ́ lè ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, àárín ìtàn ló wà. Ọmọ tí kò bá rí ọ̀rọ̀ fi sọ ohun tó ń ṣe é, ẹkún tàbí ẹ̀ṣẹ́ ni yóò fi sọ ọ́.

Ẹ wo àlọ́ Ajá àti Ìjàpá. Àwọn méjèèjì lọ jí iṣu wà lóko olóko. Ajá mú ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká, ó ń lọ. Ìjàpá kó ju ẹrù rẹ̀ lọ, kò lè rù ú, ó wá ń kọrin bẹ Ajá pé kó dúró de òun. Ajá kò dúró. Ibẹ̀ ni mo máa ń dánu dúró sí. "Kí ló wà lọ́kàn Ìjàpá báyìí tó ń wo ẹ̀yìn Ajá bó ṣe ń lọ?" Màá wá dákẹ́ pátápátá, torí ọmọdé nílò àyè kó tó rí ọ̀rọ̀ mú. Ọ̀kan lè ní, "Ẹ̀rù ń bà á." Òmíràn á ní inú ń bí i sí Ajá. Ajá ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó dúró, àbí ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti sú u? Àwọn ọmọ máa ń jiyàn gan-an lórí èyí, mi ò sì ní bá wọn parí rẹ̀. Inú iyàn yẹn ni wọ́n ti ń rí i pé ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni méjì, kí ó má sì rí bákan náà lọ́kàn wọn.

Ojú ń tì mí, àyà mi já, ó dùn mí, mò ń jowú, ara mi ò balẹ̀, àárò ìyá mi ń sọ mí: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ nínú àlọ́ wa. Síbẹ̀, "inú mi dùn" àti "inú ń bí mi" nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń mú wá láti ilé.

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ran èdè ọmọ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1988, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òbí tí wọ́n kọ́ láti máa bi ọmọ kékeré ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" kò tó láti dáhùn, bí wọ́n bá ń ka ìwé àwòrán fún un. Lẹ́yìn oṣù kan péré, àwọn ọmọ náà ń lo èdè dáadáa ju àwọn tí òbí wọn ń kàwé fún bó ṣe mọ́ wọn lára.

Orin àlọ́ náà ń ṣí ọ̀nà ìwé kíkà. Bí wọ́n bá ti gbè é tán, a ó pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan: Ì-jà-pá, ẹ̀ẹ̀mẹta, dò-dò-mí. Màá kọ ègbè náà gàdàgbà sára pátákó, màá máa fi ìka tọ ọ́ bí a ti ń kọrin, kí wọ́n rí i pé ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn ló wà níbẹ̀.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀ wá pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi pa á. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ló ń kó wọn láyà sókè, ó sì yé mi. Àmọ́ láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nílé, ẹ yá ìwé àwòrán kan, ẹ jọ wo ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Òbí tí kò mọ̀wé kà náà lè ṣe èyí. Bí ọmọ bá ní kí ẹ tún ìtàn kan náà pa lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pa. Ẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ kò bà á mọ́, ó wá ráyè wo ọkàn àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, ẹ má fipá mú un. Ẹ fún un ní bébà kó ya ojú Ìjàpá.

Nígbà mìíràn, ọmọ lè sọ ohun tó wúwo, bíi pé òun náà máa ń sá pamọ́ bí àgbà kan bá dé. Ẹ má ṣe ní kó panu mọ́, ẹ má sì tú u wò lójú àwùjọ. Ẹ dúpẹ́ pé ó sọ ọ́, kí ẹ sì bá a jókòó lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà, kí ẹ gbọ́ ọ tán láìfi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ewu wà níbẹ̀, ẹ má dá a gbé: ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìtọ́jú ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.