Ìkópa aláìsàn nínú ìtọ́jú ìlera ọpọlọ rẹ̀

Ìkópa aláìsàn nínú ìtọ́jú ìlera ọpọlọ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú bá àwọn oníṣègùn pinnu ohun tí wọn yóò ṣe: irú ìtọ́jú tí yóò gbà, oògùn tí yóò máa lò, ẹni tó lè gbọ́ nípa àìsàn náà, àti ohun tí òun alára yóò kà sí ìwòsàn. Bí dókítà bá ti pinnu tán kó tó wá ṣàlàyé, tí aláìsàn kàn ń mi orí, ìyẹn kì í ṣe ìkópa.

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti gbà pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò gún kò lè mọ ohun tó dára fún un. Àwọn tó ti fojú winá ìtọ́jú tí wọ́n gbé ka èrò yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta kò ó. Ní 1845, John Perceval, ẹni tí wọ́n ti há mọ́ ilé ìtọ́jú ọpọlọ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbèjà àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tó kan àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti ń bá fínra tipẹ́. Abala kejìlá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ wọn gbọ́dọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin bíi ti ẹlòmíràn.

Orí oògùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń le jù. Oògùn tó ń pa ohùn tí aláìsàn nìkan ń gbọ́ lẹ́nu mọ́ lè mú un sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ó lè mú un sanra, ó sì lè mú ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Lójú dókítà, ohùn ti dákẹ́, oògùn ti ṣiṣẹ́. Lójú ẹni tó ń lò ó, iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí pé òun kò lè jí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bi í, ó lè rọra pa oògùn tì láìwí fún ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dídá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì lè dá àìsàn padà. “Kí ló ń ni yín lára jù nínú oògùn yìí?” Ìbéèrè yìí nìkan lè fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí àìsàn máa ń gbilẹ̀ débi pé ènìyàn kò lè pinnu. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà kí wọ́n tọ́jú ẹni náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, pàápàá bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe máa ń kọ ìwé kalẹ̀ nígbà tí ara wọn yá: oògùn tó ti ṣe wọ́n ní jàǹbá rí, ẹni tí kí wọ́n pè, ẹni tí yóò mójú tó àwọn ọmọ, ohun tó máa ń mú ọkàn wọn rọlẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní England ní 2013 kò rí i pé irú ìwé yìí dín fífi ipá gbani sí ilé ìwòsàn kù. Ó ṣe tán, ìwé tí òṣìṣẹ́ kò yẹ̀ wò lọ́jọ́ wàhálà kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ní ìlú Tornio ní Finland, láti àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣègùn kì í jókòó sọ̀rọ̀ aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ojú àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò, tó fi mọ́ iyèméjì tiwọn gan-an, òun náà sì lè dá sí i.