Kí ló dé tí ṣampúù tó ń mú irun rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mò ń ṣe irun ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣampúù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń hó bo gbogbo orí. Èyí tí wọ́n ti po kọndíṣọ́nà mọ́ kì í hó tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń sọ pé ayédèrú ni mo rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àìhó nìkan ò sọ ọ́ di ayédèrú. Ohun tó ń mú irun rọ̀, tó sì ń mú un dán, òun náà ló sábà máa ń pa ìfófó.

Yẹ ẹ̀yìn ike rẹ̀ wò. Bí o bá rí dimethicone níbẹ̀, òróró silikónì nìyẹn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí ẹyọ ìfófó kọ̀ọ̀kan ká. Omi àti èròjà ọṣẹ ni awọ náà. Bí ẹ̀kán òróró yìí bá kàn án, á tẹ́ sórí rẹ̀, á fa omi ibẹ̀ lọ, ojú ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ sí i, á sì bẹ́. Dimethicone yìí kan náà ló wà nínú simethicone, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ṣampúù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi cocamidopropyl betaine sí i, èyí tí wọ́n sábà ń ṣe láti ara òróró àgbọn, kí ó lè hó.

Ìbéèrè: Polyquaternium-10 tí mo rí lára òmíràn ńkọ́?

Ìdáhùn: Èròjà mìíràn tó ń mú irun rọ̀ nìyẹn, àmọ́ kì í sábà dín ìfófó kù púpọ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun nígbà tí o bá ń ṣàn án, pàápàá irun tí rìlásà ti bà jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa da ṣampúù púpọ̀ sí i ni?

Ìdáhùn: Rárá o, owó lò ń dà nù. Bí oníbàárà bá ti ń fi òrí tàbí àdí àgbọn pa irun láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọṣẹ àkọ́kọ́ kò ní hó dáadáa, nítorí òróró orí rẹ̀ náà ń pa ìfófó. Ṣàn án, kí o tún un fọ̀. Wàá rí i pé ṣampúù kan náà á hó gan-an lẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba lo dà sí i. Èròjà ọṣẹ ló ń kó ìdọ̀tí kúrò, kì í ṣe ìfófó.

Bí ayédèrú bá ń bà ọ́ lẹ́rù, nọ́ńbà NAFDAC ni kí o wò, àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, àti bóyá ẹnìkan ti ṣí ìdérí rẹ̀ kí o tó rà á.