Ọkàn máa ń purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́: bí ìwé kíkà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láàmú ni pé ìwé ibẹ̀ le. Ó le díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń gbé wọn ṣubú jù, ohun tó ń gbé wọn ṣubú ni pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn kiri mọ́. Ní sẹ́kọ́ńdírì, aago á lù, tíṣà á wọlé, asáìnmẹ́ǹtì tí wọ́n fún wọn lónìí wọ́n á gbà á lọ́la, èèyàn kàn ń tẹ̀lé aago ni. Tó bá wá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́kíṣọ̀ ọ̀sẹ̀ kan lè má ju wákàtí 15 lọ, gbogbo ìyókù á wá ṣófo, á dà bí ìsinmi. Kìí ṣe ìsinmi o. Ìṣirò tó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ni pé wákàtí 1 nínú kíláàsì, wákàtí 2 níta, ẹni tó ní lẹ́kíṣọ̀ wákàtí 15 ti ní iṣẹ́ wákàtí 45 lọ́rùn lọ́sẹ̀ nìyẹn. Wákàtí 30 tó wà níta yẹn ò sí lórí táìmù-tébù kankan, kò sì sẹ́ni tó máa bi èèyàn léèrè ẹ̀ àfi ọjọ́ ìdánwò.

Nígbà tí ò wá sí aago mọ́, kí ló ń darí èèyàn? Ọkàn ẹ̀ náà ni. Ọkàn á ní "mo ti mọ ibí yìí dáadáa", á ní "ṣebí àyè ṣì wà". Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ọkàn kìí sábà sọ òótọ́. Àwọn àṣà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́, téèyàn bá tú wọn wò fínnífínní, wọn ò ju ọ̀nà láti má gbọ́ ti ọkàn lọ.

Ká kọ́kọ́ mú "mo ti mọ̀ ọ́n". Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti nóòtù ẹ̀, á kà á, á mú bírò aláwọ̀ yẹ́lò, á fi kun gbogbo ibi tó rò pé ó ṣe pàtàkì títí ojú ìwé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di yẹ́lò tán, á tún kà á, á tún kà á. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú ti ń sáré lórí ẹ̀ geere, kò sí gbólóhùn tó ṣàjèjì mọ́. Ìrọ̀rùn yẹn ni ọpọlọ máa ń ṣì pè ní ìmọ̀. Ó dà bí ẹni téèyàn máa ń pàdé lójoojúmọ́, tó máa ń kí, tó mọ ìrìn ẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, wọ́n wá ní kó dárúkọ onítọ̀hún, ẹnu ò gbé e. Ojú ló mọ̀, kò mọ orúkọ. Ìdánwò kìí sì béèrè ojú, orúkọ ló ń béèrè.

Àwọn onímọ̀ méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkurú, àwọn kan kà á ní sáà mẹ́rin léraléra, àwọn kan kà á ní sáà kan péré, wọ́n wá gbé e kúrò níwájú wọn, wọ́n fi sáà mẹ́ta yòókù kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á léraléra ló borí, wọ́n rántí bí ìdá 83 nínú 100, àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ rántí 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ ti yí padà: àwọn tó ń kà á léraléra bọ́ sí 40, àwọn tó ń kọ ọ́ látorí wà ní 61. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó kà á léraléra yẹn gan-an ló fọwọ́ sọ̀yà jù pé àwọn ò ní gbàgbé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí téèyàn bá fẹ́ lò ó. Ká ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká ni wọ́n kọ́ lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á pa nóòtù dé, á mú pépà tí ò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ẹ̀ ti dín kù wọ apá ọ̀tún ọkàn (ọkàn tó ń lù kìkì nínú àyà o, kìí ṣe eléyìí tó ń purọ́ lókè yẹn), ó lọ sí... ó lọ sí ibo? Ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ọwọ́ á ti fẹ́ nà sí nóòtù. Kó má tíì ṣí i. Kó jókòó ti òfo yẹn bí ìṣẹ́jú kan, kó họ orí, ẹ̀dọ̀fóró, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ kó lè gba ọ́síjìn, á wá padà sí apá òsì, ibẹ̀ lá ti jáde lọ sí gbogbo ara. Ìgbà tó bá kọ gbogbo ohun tó lè kọ tán ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nóòtù, á fi bírò pupa dí àwọn ihò tó kù. Pupa yẹn ló kù láti kà, èyí tó fi dúdú kọ ti wọlé. Ó máa ń nira o, ó máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun ò mọ nǹkan kan, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un nìyẹn tí wọ́n á padà sídìí bírò yẹ́lò wọn. Bẹ́ẹ̀ ìnira yẹn gan-an niṣẹ́ náà, ìgbà tí ọpọlọ bá fipá fa nǹkan jáde ni ọ̀nà ibẹ̀ ń là sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé náà tún wà. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ̀wé jáde lọ́dún 1885 lórí ohun tó fi ara ẹ̀ dán wò: ó to àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí ò nítumọ̀ sílẹ̀ rẹrẹ, ó há wọn sórí, lẹ́yìn àkókò díẹ̀ á wá wo bó ṣe máa pẹ́ tó kóun tó lè tún wọn há. Ohun tó rí ni pé ìgbàgbé kìí fi nǹkan falẹ̀, láàárín wákàtí kan péré ohun tó ju ìdajì ti lọ, tó bá di ọjọ́ kejì bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń rọra lọ. Ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ kìí tètè sá tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Gbogbo ìgbà téèyàn bá sì padà sídìí nǹkan náà ni ìgbàgbé ẹ̀ ń lọ́ra sí i, ìdí nìyẹn tí wákàtí mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan ò fi lè bá wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dọ́gba. Ẹni tó kàwé mọ́jú lè yege lọ́la, kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ tí kọ́ọ̀sì sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀ bá dúró lórí èyí tó kà yẹn, àtìbẹ̀rẹ̀ lá tún ti bẹ̀rẹ̀. Oorun tó fi du ara ẹ̀ náà ńkọ́? Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí wọ́n kọ́ lójúmọ́ sí àyè wọn, ẹni tí ò sùn ti lé akọ̀wé lọ kó tó kọ̀wé tán.

Irọ́ kejì, "àyè ṣì wà", òun ló burú jù lójú tèmi, torí irọ́ àkọ́kọ́ ṣì ń jẹ́ kéèyàn jókòó ti ìwé, èyí ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó jókòó rárá. Lọ́dún 1994, onímọ̀ kan, Roger Buehler, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi parí ẹ̀. Téèyàn bá pín in dọ́gba, bí ọjọ́ 34 ni wọ́n dá. Tí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní bí ọjọ́ 49. Ọjọ́ tí wọ́n wá lò gan-an lé ní 55. Kódà nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n rò ó burúkú, wọn ò rò ó tó.

Ohun tó fà á ni pé téèyàn bá ń ṣètò, iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń rí, ó rí ara ẹ̀ tó jókòó, tó ń kọ, tó parí. Kò rí ọjọ́ tí orí máa fọ́ ọ, kò rí ọjọ́ tí ìwé tó nílò máa wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ní láíbìrì. Oògùn ẹ̀ ni kó má bi ọkàn léèrè, àná ni kó bi: asáìnmẹ́ǹtì tó kọjá, ọjọ́ mélòó ló gbà? Tó bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà ni eléyìí náà máa gbà, kò tíì di èèyàn tuntun. Kó wá fọ́ iṣẹ́ ọ̀hún sí wẹ́wẹ́, torí "parí asáìnmẹ́ǹtì" kìí ṣe nǹkan téèyàn lè jókòó ṣe, àmọ́ "wá ìwé mẹ́ta, kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ", ìyẹn lórí, ó nídìí.

"Màá kàwé lọ́la" náà, kò ní wákàtí, kò ní àga. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ará Jámánì, kọ̀wé lórí èyí lọ́dún 1999: ẹni tó bá so iṣẹ́ mọ́ nǹkan pàtó tó máa ṣẹlẹ̀ sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn pinnu lọ. Bíi "tí lẹ́kíṣọ̀ aago 10 ọjọ́ Mọ́ńdè bá ti parí, láíbìrì ni mò ń lọ tààrà, ìbéèrè márùn-ún ìparí orí kẹta ni mò ń ṣe, fóònù á wà nínú báàgì". Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé tí aago bá lù, kò sí ìpàdé kankan láàárín èèyàn àti ọkàn ẹ̀ mọ́, wọ́n ti ṣèpàdé yẹn tán látàná.

Fóònù tó wà nínú báàgì yẹn kìí ṣeré o. Ohun téèyàn lè dì mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà ò pọ̀, bíi mẹ́rin, tó bá ń ṣèṣirò lọ́wọ́ tí méséèjì wá wọlé, nínú mẹ́rin yẹn lá ti jábọ́, tó bá padà dé á kọ́kọ́ máa wá a kiri. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó nǹkan, àmọ́ tó bá di ogún ìgbà nínú wákàtí kan, kò sí wákàtí níbẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n kan tí Francesco Cirillo ará Ítálì dá nígbà tó wà ní yunifásítì níparí àwọn ọdún 1980 ni kéèyàn gbé aago kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25, iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó wá sinmi ìṣẹ́jú 5 (aago ìdáná tó rí bíi tòmátì ló lò, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Pomodoro, tòmátì ló ń jẹ́ lédè wọn). Ó dáa fún ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń nira fún. Àmọ́ 25 yẹn kìí ṣòfin, ìṣirò tó le lè gba ìṣẹ́jú 20 kójú tó là, kéèyàn wá dìde nítorí aago, kò bọ́gbọ́n mu, kó lo 50 jàre.

Ìrànlọ́wọ́ náà ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá lọ ní "kò yé mi", lẹ́kíṣọ̀ yẹn náà ni wọ́n máa tún sọ fún un. Ẹni tó gbé pépà onípupa ẹ̀ lọ, tó ní "ìlà kẹrin yìí ni mo ti sọnù", ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ń pàdé ni kàlẹ́ńdà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́mẹ́sítà, ìwé ètò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan máa ń ní déètì nínú, akẹ́kọ̀ọ́ á kó gbogbo ẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, á sì máa padà wò ó bí ìṣẹ́jú 20 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń forí gbárí á hàn kedere, ọ̀sẹ̀ kejìlá báyìí, asáìnmẹ́ǹtì méjì àti ìdánwò kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí olùkọ́ tó mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀, torí kọ́ọ̀sì tiẹ̀ nìkan ni olúkúlùkù ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lè rí i, àtọ̀sẹ̀ kìíní ló sì ti lè rí i, ọ̀kan nínú asáìnmẹ́ǹtì yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, nígbà tí ọkàn ṣì ń sọ pé àyè wà.