Kọ̀ǹpútà Tuntun Lọ́rùn Ọwọ́ Amòòkùn: Kí Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Wò?

Kọ̀ǹpútà tuntun tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi báyìí rẹwà, mi ò ní purọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, ara rẹ̀ ń dán, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju aago ọwọ́ lásán lọ. Ẹwà yìí gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ní ìmòòkùn pé kí wọ́n má fi ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, gbogbo wọn ló dára. Ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ọpọlọ kì í ti já fáfá mọ́, tí òtútù sì ti mú ọwọ́, ni a ti ń mọ èyí tó wúlò.

Fún ẹni tí kò mòòkùn rí, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyí. Omi wúwo. Ní gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá rì nínú òkun, ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ó fi ń tẹ ara láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, á fi nǹkan bíi bár 1 pọ̀ sí i. Lójú omi, bár 1 ni. Ní mítà 30, ó ti di 4. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí láti inú sìlíńdà gbọ́dọ̀ ní ìfúnpá kan náà pẹ̀lú omi tó yí wa ká kó tó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yẹn ni náítírójìn, ara kì í sì í lò ó. Bí a bá ṣe ń pẹ́ nísàlẹ̀ ni á máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹran ara àti ọ̀rá. Tí a bá rọra gòkè, á bá èémí jáde. Tí a bá fi ìwàǹwára gòkè, á di ìhó kéékèèké nínú ara, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti mì pọ̀. Àìsàn tó ń tibẹ̀ wá ni wọ́n ń pè ní bends. Oríkèé á máa ro ènìyàn, ara lè kú tipiri, ó lè rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ó sì lè pààyàn.

Kọ̀ǹpútà ọwọ́ yìí wà láti ṣírò iye náítírójìn tó ti wọ ara, kó sì sọ ìṣẹ́jú tó kù kí a tó dé ibi tí a kò ti ní lè gòkè tààrà mọ́ láìdúró lójú ọ̀nà. Kò wọn nǹkan kan nínú ara yín. Ìfúnpá omi àti àkókò ló ń wọ̀n. Irú afẹ́fẹ́ tó wà nínú sìlíńdà, ẹ̀yin lẹ ó sọ fún un. Gbogbo ìyókù, ìṣirò ni.

Ìṣirò náà ti lọ́jọ́ lórí. Lọ́dún 1908 ni John Scott Haldane, ọmọ Scotland, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ewúrẹ́ ni wọ́n fi dán an wò. Haldane pín ara sí ìsọ̀rí márùn-ún: èyí tó yára jù á kún dé ìdajì ní ìṣẹ́jú 5, èyí tó lọ́ra jù á gba ìṣẹ́jú 75. Lẹ́yìn náà ni Albert Bühlmann, dókítà kan ní Zürich ní Switzerland, sọ ìsọ̀rí yìí di 16, tí èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ń gba ìṣẹ́jú 635. ZH-L16 ni orúkọ ìṣirò rẹ̀. ZH yẹn dúró fún Zürich. Ẹ óò rí i nínú ìwé ìléwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, tèmi náà sì ń lò ó.

Kò sí ẹ̀yà ara kankan tó ń jẹ́ ìsọ̀rí kejìlá o. Orúkọ inú ìṣirò lásán ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹ ò sùn mọ́jú, pé omi ti gbẹ lára yín, pé ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tàbí pé ẹ ti fi gbogbo agbára wẹ̀ lòdì sí ìṣàn omi. Nítorí náà, bí mo bá tú kọ̀ǹpútà tuntun jáde nínú páálí, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìwọ̀n ìṣọ́ra ni mo kọ́kọ́ ń wá lọ. Àwọ̀ ojú rẹ̀ lè dúró.

Nínú èyí, nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń ṣe ètò náà, irú bíi 40/85. Bühlmann fi ààlà lélẹ̀ fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí náítírójìn inú rẹ̀ ṣe lè ju ìfúnpá ìta lọ tó kí ewu tó dé. Nọ́ńbà kejì, 85, ń sọ pé nígbà tí ẹ bá yọrí sójú omi, kí ẹ má tíì rìn kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tó lọ sí ààlà yẹn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan ẹni tó ti pẹ́ débi tó fi di dandan kó dúró lójú ọ̀nà. Òun ló ń sọ bí ìdúró àkọ́kọ́ yóò ti jìn tó. Fún ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbafẹ́, nọ́ńbà kejì ni kó mójú tó. Bó bá ṣe kéré sí i ni ìṣẹ́jú yín nísàlẹ̀ á máa dín kù, tí àyè ewu náà á sì máa fún. Mo fa tèmi wálẹ̀ sí 75. Ẹlòmíràn lè ní ojo ni mí, kò burú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í jẹ́ kí ẹ rí nọ́ńbà rárá. Ìpele mélòó kan ni wọ́n á kàn ní kí ẹ yàn nínú rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n bo ìṣirò mọ́ mi lójú, ṣùgbọ́n olùbẹ̀rẹ̀ lè rí i pé ó rọ òun lọ́rùn.

Irú ètò yìí ló fà á tí kọ̀ǹpútà àwọn méjì tí wọ́n jọ wọ omi fi lè sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí irọ́ ò sì sí lẹ́nu ìkankan. Àtẹ PADI, ìyẹn àjọ kan tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, tí wọ́n ń lò kí kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ fúnni ní ìṣẹ́jú 20 ní mítà 30. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò fún ìṣọ́ra kò ní jẹ́ kí ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kàn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kan mítà 30, tí ẹ wá ń rọra gun òkè díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà á fún yín ní àkókò tó ju ti àtẹ lọ, nítorí àtẹ gbà pé ibi tó jìn jù ni ẹ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ẹ fi kúrò níbẹ̀.

Ó yá, ojú rẹ̀. Omi máa ń gba pupa kúrò lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn kíákíá, tó fi jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ pupa á dà bí dúdú lójú yín tí ẹ bá ti jìn díẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà ìkìlọ̀ pupa rẹ̀ ṣì pupa fòò nísàlẹ̀. Mo gbóríyìn fún un lórí èyí. Bátìrì ló ń san gbèsè rẹ̀: àwọn tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ìta láti fi nọ́ńbà hàn máa ń pẹ́ gan-an kí wọ́n tó béèrè iná, oòrùn kì í sì í pa wọ́n lójú lórí ọkọ̀.

Ohun tí mo bínú sí ni bí wọ́n ṣe to nọ́ńbà. Àkókò tí mo ti lò nínú omi ni wọ́n kọ gàdàgbà, ìṣẹ́jú tó kù fún mi wá wà ní igun kan bí àlejò. Ta ló bi wọ́n? Bí mo bá wo ọwọ́ fìrí, jíjìn tí mo wà àti ìṣẹ́jú tó kù ni mo fẹ́ rí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n gbà kí ènìyàn tún un tò.

Bọ́tìnì ló ní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú tí wọ́n ń fọwọ́ kàn bí ti fóònù kì í dá omi mọ̀ yàtọ̀ sí ìka ọwọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í pa lábẹ́ omi lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù tí ẹ ní tẹ bọ́tìnì náà kí ẹ tó sanwó. Ó tún máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ tó bá fẹ́ kìlọ̀, èyí sì dára ju pé kó máa ké lọ. Tí kọ̀ǹpútà kan bá ké láàárín àwọn amòòkùn mẹ́fà, ọwọ́ mẹ́fà ló máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìyára nígbà tí a bá ń gòkè. Àtẹ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gba mítà 18 láàárín ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀. Mítà 9 ni wọ́n ń lò báyìí. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Láti mítà 40 sí 30, ìfúnpá lọ láti 5 sí 4, afẹ́fẹ́ inú ara á fi ìdá mẹ́rin kan péré fẹ̀ sí i. Láti mítà 10 sí ojú omi, ó lọ láti 2 sí 1, ìlọ́po méjì ni. Ibi tí ojú omi ti hàn, tí ọkàn balẹ̀ pé a ti délé, ibẹ̀ gan-an ni ìyípadà náà ti pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà yìí ń fi ọ̀pá kan tó ń yí àwọ̀ padà sọ bí mo ṣe ń yára tó, ó sì ń ka ìṣẹ́jú 3 fún mi ní mítà 5 kí n tó jáde. Mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀.

Àmì EN 13319 tí ẹ óò rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ pé jíjìn àti àkókò tí ó ń wọ̀n bá ìlànà Yúróòpù mu. Kò sọ nǹkan kan nípa ìṣirò náítírójìn, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi tàn yín. Ẹ tún yan irú omi: omi òkun fi nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju omi tí kò níyọ̀ lọ, nọ́ńbà jíjìn á sì yí díẹ̀. GPS rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi, ibi tí a ti wọ omi àti ibi tí a ti jáde ló lè fi hàn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ sìlíńdà tó lè máa sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù fún un láìlo wáyà; mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ géèjì mi ṣì wà níbi tó wà.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ láàárín ọjọ́ kan náà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí gbà pé kò sí àṣẹ́kù náítírójìn kankan lára yín. Kò mọ̀ pé ẹ ti wọ omi láàárọ̀, á sì máa fún yín ní ìṣẹ́jú tí ẹ kò ní. Ìdí yìí kan náà ni ẹni méjì kò fi gbọ́dọ̀ máa lo ọ̀kan ní àlòyípo. Ẹ kúkú fi odindi ọjọ́ kan sinmi kúrò nínú omi, tàbí kí ẹ wọ méjèèjì pọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ omi lọ́jọ́ náà. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn: ti àtijọ́ lọ́wọ́ òsì, tuntun lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tó bá sì kọ́kọ́ ní kí n gòkè nínú àwọn méjèèjì ni mo ń gbọ́ tirẹ̀.