Ooru lónìí, yìnyín lọ́la: bí ojú ọjọ́ Denver ṣe ń ṣe ní oṣù March

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Denver ní Colorado lè rò pé fóònù òun ti daṣẹ́ sílẹ̀: Tuesday 21 dígírì Celsius, Wednesday àwòrán yìnyín ló wà níbẹ̀. Fóònù ò ṣe nǹkan kan o, oṣù March gan-an ni snow, ìyẹn yìnyín yẹn, máa ń pọ̀ jù níbẹ̀ láàárín ọdún, kì í ṣe December.

Òkè ló fà á. Denver fúnra ẹ̀ ti fi bíi 1,600 mítà ga ju òkun lọ, òkè Rocky tún wá dúró sápá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀ bí ògiri. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, òkè yẹn ló máa kọ́kọ́ gùn, ọ̀hún ló máa da omi inú ẹ̀ sí, tó bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Denver ó ti gbẹ, bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń gbóná sí i, Chinook ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ ṣòkòtò péńpé nìyẹn. Àmọ́ tí ìjì bá lọ fìdí kalẹ̀ sápá gúúsù, atẹ́gùn á yí padà, á máa ti ìlà oòrùn fẹ́ wá, á ru ọ̀rinrin òkun Gulf of Mexico dání, á forí sọ òkè, kò sì níbi tó fẹ́ gbà ju kó gòkè lọ, afẹ́fẹ́ tó bá sì ń gòkè á máa tutù ni, bó ṣe di yìnyín nìyẹn. Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní March 2003 tí snow tó lé ní ínṣì 31 bo ìlú náà.

Èyí tó ń yọ àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ lẹ́nu jù ni ibi tí òjò ti ń di yìnyín. Téèyàn bá gòkè kìlómítà kan, otútù á fi bíi dígírì 6 tàbí 7 le sí i, ìyẹn ni pé òjò lè máa rọ̀ ní Denver ní dígírì 3, kí wọ́n sì máa fi ṣọ́bìrì kó snow níwájú ilé ní Evergreen tó wà lórí òkè ní tòsí. Ibi tí òjò ti ń di yìnyín yẹn ò tún dúró sójú kan, torí yìnyín tó ń yọ́ lójú ọ̀run máa ń fa ooru inú afẹ́fẹ́, tó bá ti ń rọ̀ gidi otútù á tẹ̀ lé e wálẹ̀, òjò ìrọ̀lẹ́ á bá di snow lóru. Bàlúùnù tí wọ́n ń jù sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń wọn gbogbo èyí fún wọn, síbẹ̀ tí wọ́n bá fi dígírì kan péré ṣì í, ínṣì 8 tí wọ́n kéde lè di omi lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ gbé Watch jáde, pé ó ṣeé ṣe, kó tó di Warning, pé ó ti ń bọ̀ tán.

Snow ìgbà yìí wúwo jàre, omi pọ̀ nínú ẹ̀. Ojú títì lè má gbà á torí ilẹ̀ ti ń gbóná, àmọ́ igi á gbé e títí ẹ̀ka á fi ya lu wáyà iná.